Kí Ẹ Tó Gbé Páspọ́ọ̀tù Yẹn Wá Síwájú Pẹpẹ

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ẹni tí kò bá dùn mọ́, kó má bínú sí wa. Ara wa la kọ́kọ́ bá wí.

Láti ìgbà tá a ti kéde pé a ò ní gbọ́wọ́ lé páspọ́ọ̀tù kankan mọ́ láìjẹ́ pé a bi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè, àwọn kan ti ń sọ kiri pé ìgbàgbọ́ Pásítọ̀ ti ń jó àjórẹ̀yìn. Wọ́n ní ìjọ mìíràn ń da òróró sórí físà, àwa ń béèrè ìwé bí ọlọ́pàá. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó fà á.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ọmọ tó ń dirun jẹun, gbé páspọ́ọ̀tù rẹ̀ wá. Ó ní iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ lòun ń lọ ṣe ní Lẹ́bánónì. Arákùnrin kan tí gbogbo wa mọ̀, tí ìdámẹ́wàá rẹ̀ máa ń nípọn, ló bá a ṣètò ìrìnàjò náà. A gbàdúrà. A da òróró. A ò bi í pé ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́. A ò bi í pé ìwé àdéhùn dà. A ò bi í pé ta ló san owó ọkọ̀ òfurufú, báwo ni wọn yóò sì ṣe gbowó náà padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, arákùnrin yẹn jáde wá jẹ́rìí pé Ọlọ́run lo òun láti gbé ẹnì kan lọ sókè òkun. A pàtẹ́wọ́. A gba ọrẹ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lé lọ́dún kan ká tó tún rí ọmọ náà. Ọjọ́ tó dé ilé ọ̀gá ni wọ́n ti gba páspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájí ló ń jí, ọ̀gànjọ́ ló ń sùn, ilẹ̀ kíṣìnnì sì ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ padà sílé, wọ́n ní àwọn ti rà á, kó dá owó àwọn padà ná. Ó padà dé pẹ̀lú báàgì kékeré kan àti àpá iná lápá. Kí ni ìjọ wá ṣe? Àwọn ìyá kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ta ló mọ ohun tó lọ ṣe lọ́hùn-ún. Ó jọ́sìn pẹ̀lú wa lẹ́ẹ̀mẹta péré, kò sì wá mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Àdúrà wa wà lára ohun tí arákùnrin yẹn fi tà á.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán páspọ́ọ̀tù obìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ra ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Ó ní òun ń tà á ní 1,000 dọ́là. Bí ẹni ń ta fíríìjì àlòkù! Ohun tó fàyè gba irú èyí ni ètò tí wọ́n ń pè ní kafala: ọrùn ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́ ni ìwé ìgbélùú rẹ wà. Bó o bá sá kúrò nílé rẹ̀ nítorí ìyà, ìwọ ni wọ́n máa pè ní arúfin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo ayé rí fídíò tí wọ́n ti ń kígbe owó lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ní Líbíà, bí ẹni ń ta ewúrẹ́. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n sin àwọn ọmọbìnrin 26 ní Salerno ní Ítálì, tí wọ́n gbé òkú wọn jáde látinú òkun. Nàìjíríà ni wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ṣé kò sí páspọ́ọ̀tù tàbí àwòrán ìkankan lára tiwọn tó ti dórí pẹpẹ rí?

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́: "Pásítọ̀, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló gbà láti lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà. Ohun tó gbà ni iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ. Kò gbà kí wọ́n ta òun. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ní Palermo lọ́dún 2000 ti là á mọ́lẹ̀: bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú un, tàbí ipá, tàbí pé wọ́n lo àìní rẹ̀ láti fi mú un, pé ó gbà kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tó kó o lọ. Ẹ yéé fi ìbéèrè yẹn gún àwọn ọmọ yìí lójú mọ́.

Èkejì: "Àwọn babaláwo ló ń mú wọn búra, kì í ṣe àwa." Ó dáa. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Bìní, Ewuare Kejì, pe àwọn oníṣègùn àti abọrẹ̀ jọ sí ààfin. Ó tú gbogbo àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti mú búra kí wọ́n tó kó wọn lọ Yúróòpù sílẹ̀, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún mú ẹnikẹ́ni búra bẹ́ẹ̀. Ọba tẹ́ ẹ̀ ń pè ní aláìgbàgbọ́ dìde, ó fi àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwa tá a ní a ní àṣẹ lórí ejò àti àkekèé ńkọ́? Ta la fi àṣẹ tiwa tú sílẹ̀? Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù lé ẹ̀mí jáde lára ọmọdébìnrin yẹn, àwọn tó ń fi í pawó ló gbé e lọ sí kóòtù. Ìdáǹdè gidi máa ń ba ọjà ẹnì kan jẹ́. Bí ìdáǹdè tiwa kò bá tíì ba ọjà ejẹ́ńtì kankan jẹ́, ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù: "Àdúrà ni iṣẹ́ ìjọ, ọ̀rọ̀ òfin, òṣèlú ni." Ṣé Ẹ́sítérì kò gbààwẹ̀ ni? Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó wọṣọ, ó lọ bá ọba, ó sọ fún un pé wọ́n ti ta òun àtàwọn èèyàn òun. Kò tán síbi ààwẹ̀. Òfin ni wọ́n fi fẹ́ pa wọ́n, òfin mìíràn ni ọba fi gbà wọ́n.

Bẹ́ ẹ bá ní ti Bíbélì ti jìnnà jù, ẹ jẹ́ ká wálé. Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, ta ni àgbà nínú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀? Ajayi Crowther. Ọmọ Òṣoògùn. Ní ọdún 1821, nígbà tí kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 12 lọ, àwọn akónilẹ́rú jó ìlú wọn, wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, wọ́n fi ra ọtí àti tábà nígbà mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tà lọ́jà ló fi Ìwé Mímọ́ sí wa lọ́wọ́, àwa wá ń fi Ìwé kan náà súre fún àwọn tó ń ta ọmọ!

Kí ló gba Ajayi sílẹ̀? Ó dá wa lójú pé ìyá rẹ̀ ké sí ohun gbogbo tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run lò ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá ọkọ̀ ẹrú wọn dúró lójú òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Kí ló gbé ọkọ̀ ogun yẹn débẹ̀? Òfin ọdún 1807 tó fagi lé òwò ẹrú. Ta ló mú kí òfin yẹn wáyé? Àwọn onígbàgbọ́ bíi Wilberforce wà níwájú wọn. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Wọ́n bú wọn, wọn ò dẹ́kun.

Ó tún kù o. Nígbà tí Ajayi gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró, wọn ò fún un lówó ọkọ̀ kí wọ́n ní ó dàbọ̀. Wọ́n fi sí ilé ẹ̀kọ́. Ìjọ kọ́ ọ níwèé, kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Ní ọdún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ta ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí nínú ọkọ̀, ṣé Bíbélì ì bá wà lọ́wọ́ wa lónìí?

Nítorí náà, òfin láti gbà wọ́n, ilé láti gbà wọ́n sí. Méjèèjì la ń béèrè.

Ká tó tọ ìjọba lọ, ẹ jẹ́ ká gbá ilé tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀: òfin NAPTIP ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n ni, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún méje. Ọmọ tó ń ru báàgì ọmọ yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó wá ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ níta títí a ó fi ṣe tán, a ń rí i. Ọlọ́run náà ń rí i. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń ní kí wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ wá báa yín tọ́jú ọmọ, tí kò sí owó oṣù, tí kò sí ilé ìwé, òfin tiyín náà ti ọdún 2015 le gan-an, ó lè tó ẹ̀wọ̀n gbére.

Ohun tá a fẹ́ bá ìjọba sọ rèé:

1. Òfin yẹn kan náà dá owó àkànlò sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kó ṣòwò. Kí àwọn aṣojú wa ní Abuja sọ fún wa ní gbangba lọ́dọọdún iye tó wà níbẹ̀, àti iye ọmọ tó jẹ àǹfààní rẹ̀.

2. Kí ìpínlẹ̀ wa fi owó ilé ààbò sínú ìṣirò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀: ibi tí dókítà wà, tí iṣẹ́ ọwọ́ wà, tí wọn ò ní lé ọmọ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

3. Òfin iṣẹ́ ní ẹni tó bá ń gba òṣìṣẹ́ kó lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ mọ́ ara ògiri gbogbo káńsù, kí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè rí i.

4. Kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù lè jẹ́rìí láìjẹ́ pé àdúgbò mọ̀ ọ́n, kí ẹjọ́ má sì fi ọdún jọ̀kọ̀.

A ti kọ lẹ́tà náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, tábìlì yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá fọwọ́ sí i. Àwọn alàgbà àti àwa la máa gbé e lọ fún aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí kò bá dáhùn, a ó padà lọ. Nígbà ìbò wọ́n máa ń wá sórí pẹpẹ wa gba àdúrà. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè wa kí wọ́n tó kúnlẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ wá, a ò dí yín lọ́nà. Ẹ kàn mú ìdáhùn mẹ́rin wá: Ta ni ọ̀gá? Ìwé àdéhùn dà? Ta ló sanwó? Ta lẹ máa pè bí nǹkan bá yíwọ́? Bí ejẹ́ńtì bá ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn. Ẹ pe NAPTIP lórí 627.

Arákùnrin tó jẹ́rìí lọ́jọ́sí, a ti mú ọ̀rọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ. Ọrẹ rẹ ò sí nínú àpótí wa mọ́, ọwọ́ ẹni tó ni í ló wà.

Àti ìwọ, arábìnrin wa, bó o bá ń ka èyí: dárí jì wá. Ìwọ kọ́ lo dẹ́ṣẹ̀, àwa la ò béèrè. Àyè rẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ, iwájú ìjọ ló ti máa tọrọ àforíjì.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí yín, pàápàá ibi tí ọmọ kan ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọlọ́run tó bá Jósẹ́fù dé Íjíbítì á bá gbogbo ọmọ wa tó wà lóko ẹrú sọ̀kalẹ̀, á sì mú wọn padà wálé. Ẹ ṣe Àmín, kẹ́ ẹ sì wá fọwọ́ síwèé.