Pé Iná Lọ Kò Ní Kí Ọmọ Ẹnikẹ́ni Gun Igi

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀rọ̀ igi ni, àti ọ̀rọ̀ wáyà iná. Gbogbo wa la mọ àwọn igi tó wà káàkiri Alágbàká wa yìí: dóńgóyárò, máńgòrò, fúrúùtù. Àwọn ló ń ṣíji bò wá. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ wọn la ń pàtẹ sí. Abẹ́ wọn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti sẹkitéríàtì bọ̀ máa ń dúró sí láti ra ẹ̀fọ́ àti ata kí wọ́n tó wọ mọ́tò lọ sílé. A ò bá igi jà rárá. Ṣùgbọ́n igi ò mọ ibi tí wáyà gbà kọjá. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa ga, á máa na ọwọ́, títí ẹ̀ka rẹ̀ á fi wọ àárín wáyà.

Tó bá ti rí báyìí, kí la máa ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. A máa ń gbé àwo kiri ni. Kálukú á mú ₦500 wá, a ó wá ọmọ kan tó ní àdá, a ó ní kó gun igi náà kó bá wa rẹ́ ẹ. Ìgbà wo sì la máa ń ní kó gùn ún? Ìgbà tí iná bá lọ ni. A ó ní, "NẸ́PÀ ti mú iná, kò séwu mọ́, tètè gùn ún kí wọ́n tó mú un dé."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an la wá bá jà lónìí. Òun ló fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ sí wa lọ́rùn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, tí ọmọ kan wà lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Iná ti lọ láti òru, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú wa ló pariwo pé, "Ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ fún mi! Ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà lókè yẹn?" Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín, a ní ẹ̀rù ti ń ba màmá jù. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú nítorí owó rẹ̀. Kò tíì mu omi tó bù tán tí iná fi dé. Ẹ̀ka tó kù díẹ̀ kó dì mú ń ta pàrà lára wáyà, èéfín ń rú. Gbogbo wa dákẹ́ lọ́lọ́. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Pé iná lọ ní ìsọ̀ wa kò sọ pé wáyà tó wà lókè ti kú. Wáyà orí òpó kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Iná tó ń wọ inú ilé wa, volt 230 ni. Èyí tó ń bọ̀ wá bá tíránsífọ́mà, tí gbogbo wa ń pè ní high tension, volt 11,000 ni tàbí 33,000. Tíránsífọ́mà ló ń bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, fíùsì tíránsífọ́mà wa lè jó, kí gbogbo ìsọ̀ ṣókùnkùn, kí wáyà ńlá tó wà lókè orí wa sì wà láàyè síbẹ̀. Òmíràn tún ń bẹ tó kàn ń gba orí wa kọjá lọ sí àdúgbò míràn, kò sì kàn án bóyá àwa ní iná tàbí a ò ní.

Èkejì, ẹni tó mú iná lọ kò sọ fún wa ìgbà tó máa dá a padà. Kò mọ̀ pé ọmọ wa wà lórí igi. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lára wáyà ní láti mọ ẹni tó pa á, kó mọ ibi tó ti pa á, kí wọ́n sì fún un ní ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án títí iṣẹ́ á fi parí. Àwa tí a dúró sídìí igi, tí a ń wo gílóòbù, ìwé wo la ní?

Ẹ̀kẹta, jẹnẹrétọ̀ wa. Bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ wa ló ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Bí ẹnì kan bá so tirẹ̀ mọ́ wáyà ilé láìní changeover, iná jẹnẹrétọ̀ yẹn lè gba wáyà jáde sí òpó, kó dé ara tíránsífọ́mà láti ẹ̀yìn, kí tíránsífọ́mà sì sọ ọ́ di iná ńlá. Wáyà tí a ní ó ti kú á tún jí. Ohun tó lè pa ọmọ orí igi nìyẹn, ohun tó sì lè pa àwọn òṣìṣẹ́ oníná fúnra wọn nìyẹn.

Àwọn kan á ní igi kì í gbé iná. Igi gbígbẹ lẹ ń rò. Ẹ̀ka tó wà lórí ìdúró, tútù ni, omi ló kún inú rẹ̀. Òjò wà lára ewé, òógùn wà lọ́wọ́ ọmọ, irin sì ni àdá. Wáyà òkè yẹn ò ní rọ́bà lára, ìhòòhò ló wà. Iná ńlá sì lè fò bá ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án, tó kàn sún mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ààbò iṣẹ́ wọn kò gba ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná láyè láti sún mọ́ irú wáyà báyìí tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn bíi mítà 3, ì báà ṣe ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ọ̀pá gígùn ká máńgòrò lábẹ́ wáyà náà, ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn o. Àsìkò máńgòrò àti àsìkò ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń pàdé ara wọn ni.

Ẹ má sì rò pé ọmọ orí igi nìkan ni ewu yìí wà fún. Ẹ̀ka tí a gé lágéètò lè bọ́ lé wáyà, kó já a, kó bọ́ sí àárín àwa tí a wà nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2022, ní ọjà Matadi-Kibala ní ìlú Kinshasa, lórílẹ̀-èdè Kóńgò, wáyà high tension já bọ́ sínú ọjà lẹ́yìn tí òjò rọ̀. Omi wà nílẹ̀. Èèyàn 26 ló kú, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ọlọ́jà àti oníbàárà bíi tiwa. Ní Kàlàbá níhìn-ín ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹrin ọdún 2017, irú wáyà bẹ́ẹ̀ bọ́ lé ibi tí àwọn èèyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó sì pa èèyàn púpọ̀. A ò sọ pé igi ló fa méjèèjì. Ohun tí à ń sọ ni pé ohun tí wáyà tó já lè ṣe láàárín èrò nìyẹn, àwa sì rèé, èrò ni wá láti àárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀ wa sì máa ń tutù.

Àwọn kan nínú wa á wá sọ pé, "Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n tí a bá pe àwọn oníná, ìgbà wo ni wọ́n ń dé? Ṣé ká máa wo igi títí ìjì á fi dé ni?" Òótọ́ ni. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, a ò sì ní fi ṣàwàdà. Àmọ́ pé ẹni tó ni iṣẹ́ kò tètè dé kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti ọmọ tó ń wá owó oúnjẹ. NẸ́PÀ di PHCN ní ọdún 2005, pínpín iná sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ ló ń yí, iṣẹ́ ò yí: ẹni tó ni wáyà ló ni rírẹ́ igi tó bá wọ inú rẹ̀. Àní ní ìlú òyìnbó náà, nígbà tí iná pa mọ́ bí àádọ́ta mílíọ̀nù èèyàn lójú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìwádìí ìjọba fi hàn pé igi tí ilé iṣẹ́ iná kan kò rẹ́ bó ṣe yẹ wà lára ohun tó fà á. Wọn ò sọ pé àwọn ọlọ́jà ni kò wá ọmọ alàdá.

Èrò tiwa nìyí. Kí á má ṣe gbé àwo kiri fún ọmọ agégi mọ́ níbikíbi tí wáyà bá wà. Ká gbé e kiri fún ohun míràn. Ká fi owó yẹn ya fọ́tò igi náà àti òpó tó wà níbẹ̀, ká fi kọ lẹ́tà, ká fi wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Kí èèyàn mẹ́ta lọ, kì í ṣe ẹnì kan. Ká dárúkọ tíránsífọ́mà, ká kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa kí a tó kúrò níbẹ̀. Ká mú ẹ̀dà kan lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ká gbé ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn lọ bá àwọn tó ń bójú tó iná. Òfin iná tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, ní ọdún 2024 sì ni NERC kéde pé òun ń gbé àbójútó iná ìpínlẹ̀ Oǹdó lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹjọ́ tí à bá gbé lọ sí Àbújá ti wá sún mọ́lé. Ẹnu ẹnì kan ò ká a, ṣùgbọ́n ẹnu ẹgbẹ́ lè ká a.

Kí wọ́n tó dé, kí ẹni tí àtẹ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ka yẹn sún kúrò, kí àwa yòókù sì fún un láyè nínú ìlà tiwa. Èyí lè dùn wá lápò díẹ̀, nítorí oníbàárà mọ ibi tó ti ń bá wa. Àmọ́ ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ta ló ń so tapólì mọ́ òpó iná? Ta ló gbin máńgòrò sí abẹ́ wáyà gan-an? Ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbin igi ìbòòji, kó gbé ojú sókè kó tó gbẹ́ ilẹ̀.

Bí wáyà bá sì já, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ jìnnà tó mítà 10, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ náà lè gbé iná. Bí ẹ bá ti wà nítòsí rẹ̀, ẹ má sáré, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà. Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi igi tì í. Ẹ pe àwọn oníná kí wọ́n pa á ná. Ó nira láti máa wò, ṣùgbọ́n òkú kan kò gbọdọ̀ di méjì.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wọ́n tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ alàdá yẹn, ọmọ tuntun ni lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bóyá ọjà yìí náà ló sì ti ń pọ̀n ọ́n kiri. Àwa la wà lọ́jà báyìí. Bí àwo bá tún dé iwájú yín nítorí igi abẹ́ wáyà, ẹ má fi owó sí i. Ẹ béèrè pé, "Lẹ́tà wa dà?"

Ajé á wọ igbá o. A ò ní fi ọmọ ṣòfò.