Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Kì í ṣe gbogbo script la gbọ́dọ̀ sọ di app jàre.

2/ Àǹtí mi ń ta aṣọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbèsè gbogbo oníbàárà wà. Wọ́n ní kí n wá nǹkan tí á máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sórí flash lálaalẹ́.

3/ Mo kọ script Python tí ò tó 40 ìlà, mo fà á lé cron lọ́wọ́: aago méje alẹ́, lójoojúmọ́. Ó parí.

4/ Ọ̀rẹ́ mi rí i, ó ní kò jọ iṣẹ́ gidi, kí n fi Electron dì í, kó ní bọ́tìnnì. Háà! Odidi Chromium àti Node.js ni Electron máa ń dì mọ́ app kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju 100MB lọ kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ̀dà fáìlì kan là ń sọ o. Ta ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá torí àtitan tọ́ọ̀ṣì?

5/ Cron ti wà nínú Unix láti àwọn ọdún 1970. Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń jí wo iṣẹ́ tá a kọ sílẹ̀ fún un. Bí àsìkò ò bá tó, ó padà sùn. (Bí iná ò bá sí ní aago méje, kò ní padà wá ṣe é o. Ẹ lo systemd timer, kẹ́ ẹ fi Persistent=true sí i.)

6/ Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti dùn mí. Ọmọọṣẹ́ kan yọ flash yẹn láti fi gbọ́ orin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni script fi ń kùnà. Mail ni cron fi ń sọ àṣìṣe. Bí ètò mail ò bá sí lórí ẹ̀rọ, ṣe ló kàn ń da ọ̀rọ̀ náà nù. Àǹtí bi mí pé, "Ṣé nǹkan yẹn ń ṣiṣẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Mi ò wò ó.

7/ Hard disk wá kú. Nínú àwọn tó jẹ wọ́n lówó, àwọn kan wá san án. Àwọn kan ní àwọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

8/ Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé o rí i? App ni." Rárá o. Ká ní Àǹtí fúnra wọn ló ń yan fáìlì ni, màá gbà. Fèrèsé kọ́ ló sọnù níbẹ̀, ohùn ni. Ìlà mélòó kan ni mo fi kún script: tó bá ti ṣe é tán, á rán "Ẹ káalẹ́ mà, mo ti ṣe é" sí Telegram wọn. Mo ní bí wọn ò bá rí i, kí wọ́n pè mí.

9/ Lálẹ́ àná, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi dún. "Ìwọ, ẹ̀rọ ẹ ò tíì kí mi lónìí o."