Ọkọ̀ Òfurufú Tí Ń Fi Oòrùn Fò

Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lẹ́yìn ìpàdé tó kọjá, a kò sì fẹ́ kí ó parí sídìí ife tíì nìkan.

Ọ̀rọ̀ Zephyr ló dá a sílẹ̀, ọkọ̀ òfurufú tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Kò ní awakọ̀, kì í sì í mu epo. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 25, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kò tó kílò 75. Ọkùnrin tó ń jẹ iyán dáadáa wúwo jù ú lọ. Sólà orí ìyẹ́ náà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, tí ó sì tún ń fi iná pamọ́ sínú bátìrì de òru. Ó ń fò ju ẹsẹ̀ bàtà 60,000 lọ sókè, níbi tí òjò àti ọkọ̀ òfurufú tó gbé wa wá síbí kì í dé.

Bọ̀dá kan ní kí la fẹ́ fi ṣe, ṣebí sátẹ́láìtì wà, Starlink sì ti dé Nàìjíríà láti 2023. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn ìyá wa lóko ló lè ra díìṣì rẹ̀? Sátẹ́láìtì tó dúró lójú kan wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 sókè. Èyí tó sún mọ́ wa, ní nǹkan bí 550, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Sísá ló ń sá yí ayé po, ìdí nìyẹn tó fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Zephyr wà ní nǹkan bí 20 péré, ó ń rà bàbà lórí àgbègbè kan bí àṣá, a sì lè gbé òmíràn gòkè rọ́pò rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ni ín ń lépa ni kí fóònù lásán bá a sọ̀rọ̀ láìsí díìṣì.

Òru ni ọ̀tá rẹ̀. Ní 2022, ó lo ọjọ́ 64 lójú òfurufú láti Arizona ní Amẹ́ríkà. Ní 2025, ó lo 67, Laikipia ní Kẹ́ńyà ló sì ti gbéra. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́hùn-ún? Ẹ wo ojú fèrèsé yín ní oṣù Kejìlá: agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bátìrì wo ló fẹ́ bá òru wákàtí 16 jà? Ní Kẹ́ńyà, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọdún dé ọdún, tiwa nílé kò sì jìnnà sí i. Oòrùn tí à ń sá fún nílé ni àwọn wọ̀nyí ń wá kiri!

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju sátẹ́láìtì nù o. Helios ti àwọn ará Amẹ́ríkà fọ́ lójú òfurufú nítòsí Hawaii ní 2003. Facebook náà pa tirẹ̀ tì ní 2018. Ìwọ̀nba kílò díẹ̀ sì ni ẹrù tí Zephyr lè gbé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń bá ilé sọ̀rọ̀, tí fóònù já kí a tó gbọ́ bí ara bàbá ṣe rí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa bátìrì, ẹ dá sí i. Ṣé bọ̀dá wa ló jàre ni? Ẹ kọ ọ́ wá kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, a ó fi àyè sílẹ̀ fún un níbí.