Iṣẹ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Jàpáànù: Ta Ni Wọ́n Ń Wá?

Ọ̀rọ̀ kan gbòde láàárín àwọn àgùnbánirọ̀ ọmọ Yorùbá ní ìlú Enugu. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun gidi gbàgbé ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí ó gbájú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ará Jàpáànù ń fi ojú méjèèjì wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wá olùkọ́. Bóyá àwa ni wọ́n ń wá ni ó kù tí a kò bèèrè.

Ní ọdún 1987 ni ìjọba Jàpáànù dá ètò tí à ń pè ní JET sílẹ̀. Ènìyàn 848 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Australia àti New Zealand. Wọn kò bèèrè ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó gboyè nínú orin tàbí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ lè di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá sá ti jẹ́ ti ibi tí wọ́n fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ń lo ọdún mẹ́ta gbáko nídìí NCE, tí a sì ń lagùn nínú kíláàsì ìdánrawò!

Àwọn kan yóò ní òfin ni ó dí wa lọ́nà. Èmi kò gbà. Ohun tí òfin ìwọ̀lú Jàpáànù bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ni ní èdè àjèjì ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ó ti fi èdè náà kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 12, ó kéré tán. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ yọ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò fún èdè abínibí, ọdún 3 kù níbẹ̀; ọdún 6 ní girama, ọdún 4 ní yunifásítì; ó di 13. Akẹ́kọ̀ọ́-jáde láti Enugu ti kọjá òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni níbẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ni àwọn ń fẹ́, ìwé ìrìnnà ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ gbìyànjú, kí ó kó ẹ̀rí ọdún 13 rẹ̀ dání, kí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó má sì san kọ́bọ̀ fún alárinà kankan.

Kì í kúkú ṣe Jàpáànù ni mo ń bá jà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi owó ìlú sí i. Àwa ńkọ́? Ní 1977, ọdún mẹ́wàá ṣáájú JET, ni ìjọba wa kọ ọ́ sínú Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè pé ó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú Hausa, Ìgbò àti Yorùbá mọ́ èdè tirẹ̀. Bí a bá ti tẹ̀lé e ni, Enugu ì bá kún fún olùkọ́ Yorùbá, Abẹ́òkúta ì bá sì máa wá olùkọ́ Ìgbò kiri. Yàtọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ta ni ó ń gba olùkọ́ Yorùbá ní Enugu lónìí? Àgùnbánirọ̀ tí ó gboyè nínú Yorùbá dé ibẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ohunkóhun tí kò bá ní olùkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àlá Jàpáànù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà tí ó jìnnà ti fi ètò Fulbright mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọn ní Yorùbá, wọ́n sì sanwó fún wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, ẹ̀yin ni ohùn yín ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà. Ẹ bá wa kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu àti sí àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹ bi wọ́n léèrè: olùkọ́ Yorùbá mélòó ni Enugu yóò gbà sí iṣẹ́ lọ́dún yìí, olùkọ́ Ìgbò mélòó ni àwa náà yóò sì gbà?