Òfin Ní Kí Wọ́n Sọ Ọ́ Ní Èdè Tó Yé Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ tún abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà. Ó ní kí wákàtí 24 tó pé, ẹni tí ọlọ́pàá mú gbọ́dọ̀ rí ìdí tí wọ́n fi mú un gbà lórí ìwé, ní èdè tó yé e. Abala 36 ní kí ó rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ láti dìbò là ń pariwo rẹ̀ ṣáá. Ti èdè yìí, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi apẹja kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ìjà gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ló fi ń ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá, tó lè má jẹ́ Yorùbá rárá, fi ń kọ ọ́. Ó ní, "Mo gbá a mú." Bí "mú" bá jábọ́, ó ti di "mo gbá a." Dídìmú ti di lílù nìyẹn! Wọ́n á ní kó tẹ̀ka, á sì tẹ̀ ẹ́. Òfin Èkó ti ọdún 2011 ní kí wọ́n ya fídíò ẹni tó bá ń jẹ́wọ́, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú fídíò, adájọ́ á gbọ́ "mú" náà fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo béèlì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn èèyàn ní Sábó, n'Íkòròdú: "owó béèlì" ni wọ́n á pè é. Owó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tó ti wọ èdè wa, nítorí náà "béèlì ọ̀fẹ́" kò lè tètè yé ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni: "Ẹ má san kọ́bọ̀ kí a tó fi èèyàn yín sílẹ̀." (Mo mọ ìdí tí wọn ò fi ní í kọ ọ́.)

Lọ́dún 2018, Gómìnà Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan nílé ìwé l'Ékòó. Ó dáa. Ọmọ á kọ àròkọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ á ṣì máa tẹ̀ka sí Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹ̀ka wa kọ abala méjèèjì yìí sójú ewé kan, ní Yorùbá àjùmọ̀lò àti ní Ìjẹ̀bú, ká pín in lọ́jà Sábó àti létí omi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí olóòtú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ abala 35.