Òṣùpá Kì Í Bínú: Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Sọ Fún Ara Wa Kí Ó Tó Dé

Ọ̀rọ̀ òṣùpá ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, "Tíṣà yìí, ṣé gààrí tó wọ́n lọ́jà ni kò rí kọ, tó fi wá gbójú sókè sí òṣùpá?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń tajà, ó sì kan ẹni tó ń kọ́ ọmọ, nítorí àìmọ̀ nípa òṣùpá ti mú kí wọ́n dáná sun ilé olówò rí ní orílẹ̀-èdè wa yìí.

Kí á kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Láàrin ọdún 1969 sí 1972, ará Amẹ́ríkà méjìlá ló fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, òkúta àti erùpẹ̀ tí wọ́n sì kó bọ̀ wọn kílò 382. Láti ìgbà náà iṣẹ́ ìwádìí kò dúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọkọ̀ àwọn ará Íńdíà tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìhà gúúsù òṣùpá, apá ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń wá omi dídì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọkọ̀ àwọn ará Ṣáínà kó erùpẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò méjì wá láti ẹ̀yìn òṣùpá, ìhà tí a kì í rí láti ayé. Ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú wọn.

Àwa náà kò ṣàìsí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní ìlú Washington, Nàìjíríà àti Rùwáńdà ni wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Artemis nínú gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Àdéhùn náà sọ bí àwọn orílẹ̀-èdè yóò ṣe máa fi àlàáfíà ṣe ìwádìí lórí òṣùpá, tí wọn yóò sì máa fi ohun tí wọ́n bá rí han gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín pẹ̀lú, láti ọdún 1998 ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú kan fún Áfíríkà ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ohun tó wà lójú ọ̀run. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìgbógìlà?

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2001, òjìji ayé bo òṣùpá mọ́lẹ̀ pátápátá. Gbogbo àwọn onímọ̀ ayé ló ti mọ wákàtí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àfi àwọn tí yóò rí i. Ní Màídúgùrì, àwọn ọ̀dọ́ kan tú sí ìgboro, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn ló mú òṣùpá ṣú, wọ́n sì dáná sun ilé ọtí àti àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibẹ̀ wá. Olówò tó sùn pẹ̀lú ọjà rẹ̀ jí bá eérú. Kí ni ó ṣe fún òṣùpá? Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí fúnra wọn a máa kọ́ni pé Ànábì ti là á yé àwọn ènìyàn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣú nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ náà wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé etí àwọn ọmọ náà kí alẹ́ ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ wá wo ìkejì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn lójúmọmọ. Òkùnkùn náà gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá wọ Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí ìjọba rántí Màídúgùrì. Ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti kéde fún ará ìlú pé ohun báyìí ń bọ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, kí wọ́n má sì fi ojú lásán wo oòrùn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí nígbà náà, mo rántí pé ìyàlẹ́nu ló bá wa, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ sí òṣùpá gan-an? Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lè fi ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ fi hàn nínú kíláàsì. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tan àtùpà kan sórí tábìlì: oòrùn nìyẹn. Ẹ mú ọmọ kan dúró, orí rẹ̀ ni ayé. Ẹ fi ọsàn kan lé e lọ́wọ́, kí ó na ọwọ́ náà jáde: òṣùpá nìyẹn. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí àtùpà, tí ó sì gbé ọsàn náà sí iwájú rẹ̀ gan-an, òjìji orí rẹ̀ yóò bo ọsàn mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó bú ọsàn, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbé e sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò tún kàn án. Ọ̀nà òṣùpá dà bẹ́ẹ̀: ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí òjìji kì í fi í bò ó lóṣooṣù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí òṣùpá bá mọ́ rokoṣo nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó tún ṣẹlẹ̀. Bí òṣùpá ṣe ń yọ ní ìhà tiwa yìí ni ó ti wà nínú òjìji. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n sọ nílé. Ìkúùkù kọ́kọ́ bò ó. Nígbà tó ṣí, òṣùpá pọ́n bí epo. Ìyá kan tó ń pa àtẹ rẹ̀ mọ́ pè mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan. Ọmọ mi ti wí fún mi, n kò gbà á gbọ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn ṣá?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, ṣé kì í pọ́n bí ó bá ń wọ̀?"

Ó ní, "Ó máa ń pọ́n."

Mo ní, "Irú ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn náà ló gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá, tó lọ kan òṣùpá. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ óò rí i tí etí rẹ̀ yóò tún máa funfun."

Ìyá náà jókòó tì í. Bí aago mẹ́jọ ṣe ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, etí òṣùpá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èyí, ẹ ò ṣe máa ń tètè sọ?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín. Ọ̀rọ̀ náà kò pin sórí òjìji nìkan. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí wíwo oṣù a máa kéde ìrọ̀lẹ́ tí kí ará ìlú wá a, Sultan Ṣókótó a sì wá kéde bóyá wọ́n ti rí i. Àwọn onímọ̀ lè ṣírò wákàtí tí oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀, nítorí láti oṣù kan sí èkejì jẹ́ bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. N kì í ṣe àlùfáà, n kò sì ní sọ bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe gba ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ àti oníṣòwò àgbò tó bá mọ ìṣirò yìí yóò mọ̀ pé ọjọ́ kan ló lè yẹ̀, yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún un nínú àdéhùn tó bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe.

Kí ni kí á ṣe? Láti ọdún 2010, lọ́dọọdún, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, àwọn onímọ̀ òṣùpá ti yan alẹ́ kan tí gbogbo ayé yóò máa jáde wo òṣùpá pọ̀. Nígbà tí òṣùpá bá tó ìdajì ni wọ́n máa ń yàn án, torí ìgbà náà ni òjìji àwọn òkè rẹ̀ máa ń hàn jù lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè pe èrò jọ, pápá ilé ẹ̀kọ́ sì tó. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo agbègbè wa, ẹ pe àwọn òbí, kí ẹ sì fi Yorùbá bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ gbà wá láyè kí á máa kéde ní ọjọ́ ọjà.

Ẹ sì jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027. Ọjọ́ náà ni òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní Íjíbítì àti àwọn apá kan ní àríwá Áfíríkà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, apá kékeré nínú oòrùn ni yóò bò. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé òṣùpá tó wà nínú òjìji, ojú lásán lè wò ó, ṣùgbọ́n oòrùn lè fọ́ wọn lójú. Dígí dúdú lásán àti omi inú abọ́ kò tó. Kí wọ́n lu ihò kékeré sára páálí, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sílẹ̀. Wọn yóò rí àwòrán oòrùn lórí ilẹ̀.

Àìmọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ ní Màídúgùrì, òṣùpá kọ́. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn yìí ti mọ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ ṣàìmọ̀.