Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún kẹ́mísìrì, ẹ wo iṣẹ́ Lámbò ní Àró

Bí ẹnì kan bá hùwà bíi pé orí ẹ̀ ò pé, kíá làwọn èèyàn á ní, "Ẹ gbé e lọ sí Àró o!" Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń dá àpárá yẹn ló mọ̀ pé ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé sáyẹ́ǹsì ló sọ Àró di ohun tí ayé gbọ́.

Thomas Adéoyè Lámbò lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i, ọdún yẹn náà ni Baptist Boys' High School bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti kàwé kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró lọ́dún 1954, wọn ò tí ì kọ́ ọsibítù náà tán. Kí wá ni ṣíṣe? Ó ní káwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé àyíká, kí ẹbí wọn wà níbẹ̀ láti máa se oúnjẹ, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1961, Abẹ́òkúta làwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèpàdé wọn àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa. Wọ́n á dé SS1, wọ́n á ní físíìsì le, wọ́n á sá lọ sí kíláàsì áàtì. Áàtì ò burú o, Wọlé Ṣóyínká náà, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Sísá yẹn gan-an ni ò dáa. Ẹni tó ti ju kẹ́mísìrì sílẹ̀, tó bá dọjọ́ JAMB tó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wu òun, físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàólójì ni wọ́n máa bi í.

Àwọn òbí náà ń dá kún un. Wọ́n rò pé dókítà nìkan ni sáyẹ́ǹsì. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò lọ́dún 1960, ta ló ń yẹ òkúta wò níbẹ̀, ṣebí ẹni tó mọ kẹ́mísìrì ni? Yunifásítì ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1988 ńkọ́?

Kí bàbá tọ́mọ ẹ̀ ń wọ SS1 lọ síléèwé náà, kó bi tíṣà léèrè ìgbà táwọn ọmọ wọ láàbù kẹ́yìn.